Ààrò Sílífà Nínú Ilé: Bí Ẹ Ṣe Lè Tò Ó Kí Iná Má Baà Ṣòfò

Etí saworo tó bá kán kúrò lára ìyáàlù máa ń jìyà kó tó rí ẹni tún un ṣe. Atúnrédíò á fi sódà òjé lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òjé rọ̀ jù fún ohun tí àwọn ọmọ Àyàn máa lù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nídìí ìnáwó. Kò ní pẹ́ já. Wẹ́dà ní tiẹ̀ á dá ihò sí i lára, torí iná tí wọ́n fi ń jó irin géètì ju ohun tí ide fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè gbà lọ.

Iṣẹ́ sílífà ló bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì. Sílífà ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fàdákà, bàbà àti síńkì pò, tó máa ń yọ́ kí ohun tí a fẹ́ jó pọ̀ tó yọ́. Èyí tí fàdákà inú rẹ̀ tó 56 nínú ọgọ́rùn-ún ń yọ́ láàárín 620 sí 650°C. Ide kì í yọ́ títí ooru á fi dé nǹkan bí 900°C, bàbà ń dúró dé 1,085°C, irin sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Inú àyè tó wà láàárín 650 àti 900 yẹn la ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ń fi sódà lẹ wáyà rédíò, ojú ibi tí ayọ́nù rẹ̀ bá kàn nìkan ló ń gbóná. Ti sílífà kò rí bẹ́ẹ̀. Apá ọ̀tún àti apá òsì ibi tí ẹ fẹ́ jó gbọ́dọ̀ pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, kí sílífà tó lè ṣàn wọ àárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ide àti bàbà kì í jẹ́ kí ooru jókòó síbì kan: bí ẹ ṣe ń dáná sí ìhín ni wọ́n ń gbé e lọ sí ọ̀hún, tí atẹ́gùn sì ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ń ṣe é lórí búlọ́ọ̀kù láàárín àgbàlá á rò pé báńà òun, ohun ìmúlọ́wọ́ tí iná gáàsì ń gbà jáde, ló kéré. Á lọ ra èyí tó tóbi, gáàsì á tán, iṣẹ́ ò ní pọ́n. Ní tèmi o, bí owó bá kéré, bíríkì tí ẹ ó fi to ààrò yí iṣẹ́ ká ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kí báńà tẹ̀ lé e. Báńà kékeré nínú ààrò tí wọ́n tò dáadáa á ṣe iṣẹ́ tí báńà ńlá kò lè ṣe ní gbangba.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Ẹ má tò ó sínú yàrá, ẹ má sì tò ó sínú oòrùn. Ti yàrá yé gbogbo èèyàn. Ti oòrùn ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Ojú la fi ń wọn ooru nínú iṣẹ́ yìí. Ide tó ti pọ́n dé 650°C nínú òjìji kò ní jọ pé ó pọ́n rárá bí oòrùn ọ̀sán bá là á, ẹ ó sì máa dáná sí i lọ títí yóò fi rọ̀ wálẹ̀ lójú yín. Ṣẹ́ẹ̀dì tí páànù bò lẹ́yìn ilé dára, bó bá ní ògiri lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí iwájú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ kí èéfín lè jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ààrò kọ sí ìlà-oòrùn àríwá, torí láti ibẹ̀ ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, atẹ́gùn ọyẹ́ sì lè gbé ahọ́n iná kúrò lórí iṣẹ́ pátápátá. Ní ìgbà òjò, ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni atẹ́gùn ti ń wá. Pákó tàbí páànù kan tí ẹ gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ á dá a dúró.

Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó gbé tábìlì síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ ṣì ní sílíìn ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ẹ má dáná sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àjákù rẹ̀ ṣe àtẹ́ ìgbóná fún yín, bó ti wù kó máa sọ pé iná kì í jó o. Òótọ́ ni pé iná kì í jó o. Eruku rẹ̀ tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ni kì í jáde mọ́, ọdún gbọọrọ lẹ́yìn náà ló sì ń pani.

Ìta ògiri ni kí sílíńdà gáàsì wà, kí hóòsì gba ihò wọlé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, á sì lọ kó ara jọ sínú gọ́tà, kòtò tàbí kànga. Nítorí náà, ẹ má gbé e sí ibi tó rẹlẹ̀. Ẹ bu garawa iyanrìn kan àti garawa omi kan sítòsí. Bí agbára bá wà, ẹ ra sílíńdà ìpaná onípáúdà kún un. Kò sí ará Ọ̀yọ́ tó yẹ ká sọ fún pé iná kì í ṣe ohun eré, lẹ́yìn ohun tí ojú wa rí nígbà tí Ọjà Akẹ̀sán jóná ní oṣù kìíní ọdún 2020. Nínú agbo ilé, àwọn ọmọdé àti ewúrẹ́ ni ewu tó súnmọ́ jù. Ẹ wá nǹkan dí iwájú ṣẹ́ẹ̀dì nígbà tí iná bá ń jó, kí ó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, torí bíríkì gbígbóná kò yàtọ̀ sí tútù lójú ọmọ kékeré.

Tábìlì

Èyí kò le. Kí wẹ́dà bá yín fi áńgù áyọ́nù ṣe fírémù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 85 sí 90 bó bá jẹ́ pé ìdúró lẹ ó ti máa ṣiṣẹ́. Kí ó fi páànù irin tó nípọn tó mìlímítà 3 ṣe orí rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú, 50 láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ó sì ká etí rẹ̀ sókè díẹ̀ yípo kí ohunkóhun má baà yọ́ dà sí yín lẹ́sẹ̀.

Ẹ rí i dájú pé irin dúdú ni. Irin tí wọ́n fi síńkì bò, irú páànù tí à ń kàn sórí ilé, kò gbọ́dọ̀ sí lára tábìlì yìí tàbí níbi tí iná ti lè kàn án. Bí síńkì bá gbóná kọjá ààlà, èéfín funfun ló ń dà, ẹni tó bá fà á símú á sùn tòun ti ibà àti òtútù lóru ọjọ́ náà, á sì rò pé ẹ̀fọn ló jẹ òun. Ẹ sọ èyí fún wẹ́dà kó tó lọ ra irin.

Ẹ da iyanrìn gbígbẹ, èyí tí ẹ ti yan nínú agbada, sórí páànù náà, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 2. Á jẹ́ kí bíríkì jókòó dọ́gba, á sì dín ooru tó ń wọ tábìlì kù.

Bíríkì

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Oríṣi bíríkì iná méjì ló wà. Ọ̀kan wúwo, ó le, òun ni wọ́n ń tò sínú ìléru ńláńlá. Iná kì í bà á jẹ́, àmọ́ ó máa ń mu ooru: ẹ ó dáná títí yóò fi mu tirẹ̀ yó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí dá a padà fún iṣẹ́ yín. Èkejì fúyẹ́, ihò wínníwínní kún inú rẹ̀, èékánná lè họ ọ́, ayùn irin sì ń gé e wẹ́rẹ́. Èyí la fẹ́. Kì í mu ooru. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá ti kàn án, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, á sì máa ju ooru padà sórí iṣẹ́.

Ìwọ̀n àwọn méjèèjì kì í sábà yàtọ̀: mìlímítà 230 ní gígùn, 114 ní ìbú, 65 ní nínípọn. Ẹ lè fi ọwọ́ mọ̀ wọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Èyí tó fúyẹ́ máa ń wọn nǹkan bíi kìlò kan, nígbà tí èyí tó le ju kìlò mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà 23 lára èyí tó fúyẹ́, ó ń fara da ooru dé 1,260°C, ìyẹn sì ju ohun tí a nílò lọ. Ìbàdàn tàbí Èkó, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ìléru, lẹ ó ti rí i rà. Ẹ fi aṣọ tàbí koríko wé wọn dáadáa nínú mọ́tò, torí wọ́n máa ń fọ́.

Bí owó rẹ̀ bá ju agbára lọ, ẹ lè mọ ọ́n fúnra yín. Ohun tó ń sọ bíríkì di fífúyẹ́ kò ju ihò inú rẹ̀ lọ, ohunkóhun tó bá jó dànù nínú amọ̀ ló sì ń dá ihò síbẹ̀. Ẹ wá amọ̀ ilé ikán, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń mọ ìléru láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ gún un, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ kó àpáàdì ìkòkò jọ, ẹ gún òun náà dé ibi tí yóò fi dà bíi gààrí. Ẹ lọ sí sọ́mìlì, ẹ gba ìyẹ̀fun pákó, ẹ sẹ́ èérún igi kúrò nínú rẹ̀. Ohun kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo wọn: amọ̀ méjì, àpáàdì kan, ìyẹ̀fun pákó mẹ́ta. Ẹ po ó gbẹ kí ẹ tó bu omi sí i, kí omi náà má sì pọ̀. Kí ó ṣáà ti lè di ara rẹ̀ mú nínú ẹ̀kún ọwọ́. Àpáàdì yẹn ni kì í jẹ́ kí bíríkì sán nígbà tó bá ń gbẹ, ẹ má fò ó.

Kí ẹ ṣe mọ́ọ̀dù yín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá tóbi ju ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, nítorí amọ̀ máa ń súnkì. Inú òjìji ni kí ó ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí ẹ máa yí i padà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sun ún. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìlọrin lè gbé e lọ bá àwọn amọ̀kòkò ní Òkèlélé, kí wọ́n bá a sun ún pọ̀ mọ́ ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ sun ún nílé, kí ó fi igi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún wákàtí bíi mẹ́ta kí ó tó jẹ́ kí iná le. Ìyẹ̀fun pákó inú rẹ̀ á jó, èéfín á pọ̀, kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́. Bíríkì ilé kò ní lálòpẹ́ tó ti ilé iṣẹ́, etí rẹ̀ á máa wó, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lò: búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, àfọ́kù kọnkéré, òkúta odò. Omi wà nínú wọn bí ojú wọn tilẹ̀ gbẹ. Bí iná bá kàn wọ́n, omi á di oru gbígbóná, kò ní rọ́nà jáde, òkúta náà á sì bẹ́ sí yín lójú.

Ní ti títò, bíríkì 21 ló máa tẹ́ orí tábìlì tí mo sọ yẹn. Ẹ tẹ́ mẹ́wàá sílẹ̀ sórí iyanrìn, márùn-ún ní ìbú, ìlà méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ilẹ̀ ààrò nìyẹn. Ẹ gbé márùn-ún dúró lóòró sẹ́yìn lórí ilẹ̀ náà, kí ẹ gbé mẹ́ta mẹ́ta dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì. Iwájú àti òkè wà ní ṣíṣí. Ẹ ra mẹ́rin sí i, tí ẹ ó máa gbé kiri: ẹ gé ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ fún ohun tí iṣẹ́ yóò máa jókòó lé.

Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì tàbí amọ̀ mọ wọ́n pọ̀ o. Mo mọ̀ pé ó ń wu èèyàn kí ó rí gbọnin, ṣùgbọ́n àǹfààní ààrò yìí ni pé ẹ lè tú u tò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ kékeré ń fẹ́ yàrá kékeré. Bó bá jẹ́ saworo, ẹ fa bíríkì méjì súnmọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi ọ̀kan dí ẹ̀yìn, kí ẹ gbé ìlàjì bíríkì bo òkè, kí ó ku ẹnu tó gba ahọ́n iná àti ojú yín nìkan. Bó bá jẹ́ páìpù bàbà gígùn, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìdí rẹ̀ yọ síta. Kí ògiri má baà wó, wẹ́dà lè jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ yípo tábìlì tí yóò gbá wọn mọ́ra láti ìta.

Èédú tún wúlò. Èédú igi àyìn, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Òkè-Ògùn, le, kì í tètè jó tán. Bí iṣẹ́ bá tóbi, ẹ to èédú wẹ́wẹ́ yí i ká nínú ààrò. Òun náà á pọ́n, á sì máa fi ooru ti iná báńà lẹ́yìn. Ìdí mìíràn rèé tí kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ inú yàrá: afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èédú tó ń jó kò ní òórùn, ó sì ń pani.

Gáàsì àti báńà

Gáàsì ìdáná tó wà nílé tó fún iṣẹ́ yìí. Iná rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lásán lè gbóná dé nǹkan bí 1,900°C, torí náà kì í ṣe bí iná ṣe gbóná tó ló ń díni lọ́wọ́ bí kò ṣe bí ooru tó ń dúró lára iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín níyànjú láti gbé dúrọ́ọ̀mù kábáàdì irú ti pánẹ́ẹ̀lì bítà wá sílé. Gáàsì inú rẹ̀ máa ń bú gbàù bí wọ́n bá ṣì í lò, iná rẹ̀ sì gbóná kọjá ohun tí ide nílò.

Rẹ́gúlétọ̀ tó wà lórí sítóòfù ilé ìdáná kò lágbára tó láti gbé báńà. Nǹkan bíi báà 0.03 péré ló ń tú jáde, báńà iṣẹ́ sì ń fẹ́ báà 1 sí 2. Ẹ béèrè rẹ́gúlétọ̀ alágbára tó ní ọwọ́ tí à ń yí, irú èyí tí àwọn alásè ńlá ń fi sórí báńà ìnáwó. Kí hóòsì náà jẹ́ ti gáàsì gidi, kì í ṣe ti omi. Ẹ fi kílíìpù onísúkúrù di orí rẹ̀ méjèèjì, ẹ ṣí gáàsì láìtan iná, kí ẹ fi ìfófòó ọṣẹ ra gbogbo oríkèé. Ibi tó bá ti ń hó, ó ń jò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú nǹkan kan kúrò tí ẹ sì dá a padà ni kí ẹ tún ọṣẹ náà ra.

Sílíńdà kìlò 12.5 sàn ju ti kìlò 3 lọ. Bí báńà bá ń fa gáàsì púpọ̀ lára sílíńdà kékeré, ara rẹ̀ á tutù, ìrì á bò ó, iná á sì máa rẹ̀ sílẹ̀ láàárín iṣẹ́. Fún saworo, òrùka àti etí kẹ́tùlù, báńà tí ẹnu rẹ̀ tó mìlímítà 14 sí 17 tó. Èyí tó tó 25 sókè wà fún ohun tó wúwo.

Sílífà wo, fúlọ́ọ̀sì wo

Ẹ ṣọ́ra lọ́jà. Ohun tí àwọn tó ń tún fúríìjì ṣe ń pè ní sílífà, ọ̀pá pẹlẹbẹ tó pọ́n díẹ̀, bàbà àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fàdákà inú rẹ̀ lè jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ 5, ó lè máà sí rárá. Ọjà gidi ni fún páìpù bàbà sí bàbà, kò tilẹ̀ nílò fúlọ́ọ̀sì, ohun ìpajú iṣẹ́ tí mo máa ṣàlàyé láìpẹ́, níbẹ̀, torí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń ṣe iṣẹ́ ìfọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ lè lò ó lórí ide bí ẹ bá fi fúlọ́ọ̀sì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kan irin láéláé. Á jọ pé ó mú, ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan, á ṣẹ́ péú.

Èyí tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́, irin, ide àti bàbà, ni funfun tó pọ́n bí ẹyin díẹ̀, tí fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ 45 sí 56 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ojú iṣẹ́ kan ń jẹ kò pọ̀ tí wọ́n bá bá ara wọn mu dáadáa. Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí BAg-7, 56 nìyẹn. Bí ẹ bá rí BAg-1 tàbí lẹ́tà Cd, kádíámù wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Èéfín kádíámù lè pa èèyàn, ilẹ̀ Yúróòpù sì ti fòfin dè é nínú irú ọ̀pá yìí láti ọdún 2011. Èyí tí kò ní àkọlé kankan, èmi kì í rà á.

Fúlọ́ọ̀sì ni ohun tí à ń fi pa ojú iṣẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà sọ ọ́ di dúdú nínú iná. Bórásì tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò kì í yọ́ dáadáa títí ooru á fi kọjá 740°C, torí náà ó bá sílífà tó ń yọ́ lókè mu. Fún èyí tó ń yọ́ ní 620, ẹ ra fúlọ́ọ̀sì tí wọ́n dìídì ṣe fún sílífà, tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti nǹkan bí 550. Èéfín rẹ̀ kò dára fún imú. Ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn á ti máa gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín. Àwọn kan a máa sọ pé kánún lè rọ́pò bórásì. Kò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kó wà fún ewédú. A ó tún bá a pàdé níwájú.

Iná àkọ́kọ́

Ẹ má gbé iṣẹ́ kankan sínú ààrò tuntun. Ẹ tan báńà kékeré, ẹ jìnnà sí bíríkì, kí ẹ máa gbé iná kiri ojú wọn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí omi inú wọn á fi gbẹ. Bíríkì tí ẹ mọ nílé ń fẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Ẹ fi gíláàsì ojú tí kò ní àwọ̀ bojú, kì í ṣe dúdú ti wẹ́dà, torí àwọ̀ iná ni a fẹ́ rí. Aṣọ òwú, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kò sí náílọ́ọ̀nù, kò sí dàńṣíkí apá gbòòrò.

Ká wá jó etí saworo kan

Ẹ tú saworo kúrò lára awọ rẹ̀. Bí òjé bá wà lára rẹ̀ láti ìgbà tí atúnrédíò ti tún un ṣe, ẹ fá gbogbo rẹ̀ dànù dórí ide, torí òjé tó bá pọ́n pọ̀ mọ́ ide máa jẹ ẹ́ lára di kòtò. Ẹ fi sáńpépà ha ojú méjèèjì tó fẹ́ pàdé títí wọn á fi dán, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, kí ìka má sì kàn wọ́n mọ́. Epo ara ọwọ́ tó láti lé sílífà sá.

Ẹ fáìlì etí náà kí ó jókòó pẹ́kípẹ́kí. Àlàfo tó dára kò ju mìlímítà 0.05 sí 0.15 lọ: bí ewé ìwé kan bá wọlé, ó dára, bí mẹ́ta bá wọlé, ẹ tún un fáìlì. Sílífà kì í dí ihò, àlàfo tóóró ló ń fà á wọlé. Ẹ po fúlọ́ọ̀sì pẹ̀lú omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa ojú méjèèjì, kí ẹ sì fi báíńdìn wáyà dúdú tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń so irin di etí mọ́ ara. Kí ó má le jù, torí ide máa ń wú nínú iná. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kun etí ihò saworo yípo. Sílífà kì í kọjá lórí pẹ́ńsùlù. Ohun tó bá sì jẹ́ ihò inú tó dí pa, irú ẹ̀gbà ọwọ́ oníhò, ẹ lu ihò kékeré sí i kí ẹ tó gbé e dé ìdí iná, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má baà bú u.

Ẹ gbé e lé wẹ́wẹ́ bíríkì kí iná lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Fúlọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ hó, á wú, á funfun. Ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀, iná tó bá le jù á fẹ́ ẹ dànù. Lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Nígbà tó bá yọ́ tán, á dán gbinrin, ẹ ó sì máa rí ara ide lábẹ́ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ rèé: ara saworo ni kí ẹ máa sun, kì í ṣe etí rẹ̀. Etí tínrín, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni yóò fi yọ́. Ara tó nípọn ló ń pẹ́ gbóná. Orí àwọ̀ búlúù kékeré tó wà nínú iná, síwájú rẹ̀ díẹ̀, ni ibi tó gbóná jù. Ẹ máa yí iná náà ká, kí ó má dúró síbì kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti pọ́n bí osùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ẹ gbé iná sí ẹ̀yìn, ẹ sì fi orí ọ̀pá sílífà kan ojú ìpàdé láti iwájú. Kí ó jẹ́ ide ni yóò yọ́ ọ, kì í ṣe iná. Bó bá tó àkókò, á ṣàn lójijì, á sì máa lọ síbi tí ooru ti wà, ẹ ó rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ yípo. Ẹ gbé iná kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi díẹ̀ kún un ló ń jó síńkì inú ide, èéfín funfun sì ni yóò sọ fún un.

Bí sílífà bá ká ara rẹ̀ jọ di hóró tí kò fẹ́ ṣàn, yálà kò tíì gbóná tó tàbí ojú iṣẹ́ dọ̀tí. Bí fúlọ́ọ̀sì bá ti dúdú, agbára rẹ̀ ti tán. Ẹ má fi iná kún un, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣàn sí apá kan ṣoṣo, apá kejì ni ooru kò dé, ẹ tún bíríkì tò kí ẹ tó tún gbìyànjú.

Fífọ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí pípọ́n rẹ̀ lọ pátápátá kí ó tó kan omi, torí ide gbígbóná tí a bá jù sómi lè sán. Omi gbígbóná lásán á tú fúlọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún sílífà. Fún bórásì àti dúdú ara rẹ̀, ẹ po álọ́ọ̀mù nǹkan bí 100 gíráàmù sínú lítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, nínú abọ́ tánganran tí ẹ kò ní fi jẹun mọ́, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ tú báíńdìn wáyà kúrò kí ó tó wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì fi igi yọ iṣẹ́ jáde. Bí irin bá kan omi yẹn, bàbà á bo gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Omi bátìrì tún ń ṣe iṣẹ́ náà, àmọ́ mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó wọlé yín nígbà tí álọ́ọ̀mù wà lọ́jà. Lẹ́yìn èyí ni kánún tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan máa wúlò: ẹ yọ díẹ̀ nínú omi, ẹ ri iṣẹ́ bọ̀ ọ́ kí kíkan álọ́ọ̀mù lè kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ ṣàn án.

Pípa iná

Orí sílíńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ tì. Ẹ jẹ́ kí gáàsì tó kù nínú hóòsì jó tán lẹ́nu báńà kí ẹ tó ti báńà, kí ó má sí gáàsì nínú hóòsì mọ́júmọ́. Ẹ má da omi sí bíríkì, á fọ́. Nígbà òjò, bíríkì máa ń mu ọ̀rinrin láìjẹ́ pé òjò kàn án, torí náà ẹ fi tapólínì bò ó lẹ́yìn tó bá ti tutù tán. Bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tún fi iná kékeré yan án fún ogún ìṣẹ́jú bí ẹ ti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tó fi iná tó le kàn án.